Rọ́bà Tí Mo So Sínú Ilé Ẹ́ńjìnì

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ fara ti ògiri kó fara tì í, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fara ti ọkọ̀ yẹn, ọ̀dà tó wà níwájú ẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí mo ránṣẹ́ pè lónìí, kò sẹ́ni tí bàbá ẹ̀ tàbí bàbá bàbá ẹ̀ ò bá mi wakọ̀ ní gáréèjì Ìgbó-Ọrà nígbà tí agbára ṣì wà lára wa. Ìdí tí mo fi pè yín gan-an nìyẹn. Mo ṣẹ ọkùnrin kan lójú àwọn bàbá yín. Mo ba orúkọ ẹ̀ jẹ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan títí di ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí láti fọ inú ẹ̀ ká sì kùn ún lọ́dà tuntun. Ẹ má kán mi lójú. Mo máa dé ibẹ̀.

Ẹ ò mọ bí ọkọ̀ ṣe rí nígbà yẹn. Lónìí, tí ẹ bá fẹ́ lọ sí abà, ẹ ó nawọ́ sí ọ̀kadà, ó parí. Ẹ ó tẹ fóònù, ẹ ó ní, "Mo ti wà lọ́nà," nígbà tí ẹ ò tíì wẹ̀. Nígbà tiwa, ọkọ̀ mẹ́jọ péré ló wà ní gáréèjì wa, gbogbo ìlú ló sì mọ ohùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Fèrè tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń ké kúkúrú, lẹ́yìn náà ló máa fa ẹ̀kẹta gùn. Tí mo bá ti fọn ọ́n ní ẹnu ọ̀nà Ìdèrè, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀gúsí á ti máa di ẹnu àpò wọn. Tí mo bá fọn ọ́n ní Ìgàngán, àwọn oníṣu á ti máa to iṣu sí etí títì. Ìyá kan wà ní Ìdèrè tó jẹ́ pé fèrè mi ló fi ń gbé ọbẹ̀ kaná nírọ̀lẹ́, torí ó mọ̀ pé ọkọ òun wà nínú ọkọ̀. Bí mo bá fọn fèrè tán tí mo wá dúró já ẹrù, ọbẹ̀ á jóná. Lọ́jọ́ kejì, ìyá yìí á wá bá mi ní gáréèjì, á bú mi dáadáa, bí ẹni pé èmi ni mo dáná.

Orúkọ tí mo kọ sí iwájú ọkọ̀ náà ni Sùúrù Lérè. Ẹ wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òjò ti jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Èmi tí mo kọ sùúrù síwájú ọkọ̀, mi ò ní in. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Adéọlá, àkọ́bí mi tó ń ṣe tíṣà ní Ẹrúwà, ló ní ọkọ̀ náà ò ní jẹrà sábẹ́ máńgòrò. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Adéọlá ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Adìẹ ti pamọ nínú ẹ̀, aláǹgbá ti bímọ nínú ẹ̀. Ọmọ mi lọ wá ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tó bá a mu, ó mú panẹbítà wá, wọ́n gbé ẹ́ńjìnì àtijọ́ tó ti kú jáde. Panẹbítà ní kò dáa kí a gbé ẹ́ńjìnì tuntun sínú ilé tó dọ̀tí, pé a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, ká ha á, ká kùn ún. Mo ní èmi ni mo máa fọ̀ ọ́.

Adéọlá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ti lé lọ́gọ́rin ọdún."

Mo ní, "Èmi ni mo lé lọ́gọ́rin. Ọwọ́ mi ò tíì tó bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí bí ó ṣe ń wo àwọn ọmọ iléèwé ẹ̀, ó sì bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀, ó wọ aṣọ oko ìyá ẹ̀, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé òótọ́ ni, torí àkísà tí mo kó jáde kún agbọ̀n méjì. Ọ̀rá àti eruku ti di ọ̀kan náà lára irin, ó nípọn bíi èèpo iṣu. Kẹrosíìnì la kọ́kọ́ fi rin ín, a sì jẹ́ kó jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn la fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, a fi ọ̀bẹ tó ti kú ojú ha kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀, ká tó wá fi omi ọṣẹ ṣàn án. A rí ilé eku, a rí èso ẹ̀gúsí tí eku kó síbẹ̀, a rí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé kan tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò sọ fún Adéọlá. Inú mi dùn gan-an ni, kí n má parọ́ fún yín. Òórùn kẹrosíìnì yẹn gbé mi padà sí gáréèjì.

Torí pé nígbà tiwa, iṣẹ́ yìí ọdọọdún ni. Bí ọdún àwọn awakọ̀ bá ku ọ̀la, gbogbo wa la máa to ọkọ̀ wa síwájú gáréèjì, tí a ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wo ara ọkọ̀. Ara ọkọ̀, ta ni ò lè fọ̀ ọ́? Ilé ẹ́ńjìnì là ń wò. Àgbà awakọ̀ kan á gbé àwo àkàrà dání, á máa lọ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, á mú àkàrà kan lé orí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, á ní, "Ó yá, jẹ ẹ́." Bí o bá fọ ibẹ̀ dáadáa, wàá jẹ ẹ́. Bí o ò bá fọ̀ ọ́, wàá ṣáà jẹ ẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá yín, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọmọ ẹ̀ ń wò mí báyìí, ó yọ́ ọkọ̀ tiẹ̀ fọ̀ ní ìdajì. Ó jẹ àkàrà yẹn, kẹrosíìnì sì ń rùn lẹ́nu ẹ̀ títí ọdún fi parí. Ìyàwó ẹ̀ ní kó má sún mọ́ àdògán òun. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí ẹ rín in. Ní tòótọ́, a ò fi ṣeré. Ọkọ̀ tí ìdílé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá wọ̀ lọ sọ́jà, inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́.

Ọkùnrin tó kọ́ wa ní bí a ṣe ń kun ilé ẹ́ńjìnì ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Bàbá Sìkírá là ń pè é. Òun ni mẹkáníìkì gáréèjì wa, abẹ́ igi ìgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọdún kan náà la gbéyàwó. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà dúdú kun ibẹ̀. Ó ní irin tó dúdú máa ń bo ibi tó ń jò mọ́lẹ̀, pé àwọ̀ tó mọ́ ni kí a lò, kí ojú lè tètè rí ọ̀rá àti omi. Àwọ̀ ẹ̀kọ ni mo fi kun tèmi nígbà náà, òun náà ni mo sì ní kí panẹbítà bá mi wá báyìí. Panẹbítà ní dúdú ló wà lóde. Mo ní kó fi dúdú kun ilé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí a rí. Nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì tó kú jáde, wọ́n gé àwọn rọ́bà tó so ó mọ́ rédíétọ̀. Ìdajì rọ́bà òkè ṣì wà lẹ́nu rédíétọ̀, ìdọ̀tí sì ti bò ó. Adéọlá ló ń fọ ibẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ títí, ó dúró, ó ní, "Bàbá, kí lèyí? Ta ló fi tíúbù táyà di ibí yìí bí ìgbà tí wọ́n ń di ẹrù?"

Mo bojú wò ó. Tíúbù kẹ̀kẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, mo sì fi wé e nígbà mẹ́fà, mo ta á ní kókó méjì. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo lanu, mo ní, "Mẹkáníìkì ni."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Èmi arúgbó, tí mo ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹsẹ̀ mi kan ti wà ní ọ̀nà ilé, mo tún parọ́ mọ́ ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Adéọlá kàn ní, "Mẹkáníìkì burúkú," ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi lọ fún ìlọ́po méjì ẹ̀, ọmọ mi ló sì fi ọṣẹ àti omi wá a jáde.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Èmi ni alága àwọn awakọ̀ nígbà yẹn. Èmi ni mo ṣòfin pé awakọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ tú nǹkan kan lára ẹ́ńjìnì ara ẹ̀. Tí ó bá bàjẹ́, kó gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Mo fi òfin yẹn jẹ àwọn míì níyà gan-an. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjà ńlá Ẹrúwà, mo gbé ọkọ̀ lọ bá Bàbá Sìkírá pé rọ́bà omi mi ti gbó. Ó fi tuntun sí i, ó fi kílíìpù dè é, ó da omi sí i, ó ní, "Dẹ̀rẹ́bà, máa lọ." Nígbà tó di àárọ̀ kùtùkùtù, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí omi tó kán sílẹ̀. Ó lè jẹ́ èyí tó dànù nígbà tó ń bu omi sí i lásán ni. Ẹlòmíì á lọ kan ilẹ̀kùn mẹkáníìkì, ilé ẹ̀ ò jìnnà. Èmi ní àwọn ìyá ẹlẹ́gùúsí ń dúró dè mí ní Ìdèrè. Mo tú kílíìpù tó dè, mo fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e, mo sì fi kílíìpù sápò. Ọlọ́gbọ́n lèmi. Mo kánjú débi pé mo gbàgbé kẹ́ẹ̀gì omi tí mo máa ń gbé dání sílé.

A kún fọ́fọ́, ẹ̀gúsí wà lórí, àwọn ìyá wà nísàlẹ̀, wọ́n ń kọrin. A ti kọjá Ìgbó-Ọrà, a ti bọ́ sí ọ̀nà Ẹrúwà, ni mo rí i pé ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná ti lọ sókè pátápátá. Adágún kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀, omi kún un. Kí n dúró, kí n bu omi, ó tán. Ẹ̀yin ò mọ sòbìà, ẹ dúpẹ́. Aràn tó máa ń wà nínú omi adágún ni, tó ń wọlé síni lára, tí á wá ọ̀nà jáde láti ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ní ẹ̀ẹ̀rùn gan-an tí iṣẹ́ pọ̀. Gbogbo Ìbàràpá ló bá jà. Àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀ nígbà tí iṣu ẹ̀ wà lóko. Èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni, oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, àwọn tó wá kọ́ wa nípa ẹ̀ ti sọ pé mímu omi náà ló ń kó o ranni. Ẹ̀rù ò gba àlàyé. Mo wo adágún yẹn, mo ní ẹsẹ̀ mi ò ní kan omi yìí láyé. Ojú sì ń tì mí láti ní kí ìyá kan sọ̀kalẹ̀ lọ bá mi bù ú. Mo ní ó kù díẹ̀ ká dé. A ò dé. Ẹ́ńjìnì náà ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́, èéfín bò wá, ó sì gan pa. Àwọn ìyá ru ẹ̀gúsí wọn lórí rìn dé ọjà, nígbà tí wọ́n fi máa dé, ọjà ti ń tú.

Bí wọ́n ṣe fà mí padà dé gáréèjì, gbogbo awakọ̀ yí mi ká. Wọ́n ní, "Alága, kí ló ṣe é?" Ọwọ́ mi wà lápò, lórí kílíìpù yẹn. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ Bàbá Sìkírá ló ti kúrò lánàá. Kò de rọ́bà mi." Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá Sìkírá sáré jáde lábẹ́ igi ìgbá, ó fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, mo ní kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ mi mọ́ láyé. Àwọn bàbá yín wà níbẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

Kò jà. Ká ní ó jà ni, bóyá ojú ì bá tì mí kí n sọ òótọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, kò sí awakọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ lọ bá a mọ́. Ó kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó lọ sí Ìgàngán lọ dáko. Èmi wọ ọkọ̀ mi sábẹ́ máńgòrò, mo ra òmíràn, mo sì ń jẹ alága mi lọ. Bí ẹnì kan bá ní kó bá mi tún un ṣe, mo máa ń ní ọkàn mi ti kúrò lára ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà tí a kùn ún tán, tí ọ̀dà yẹn mọ́ tónítóní, mi ò lè wò ó. Mo ní kí Adéọlá wá ọ̀kadà fún mi. Ó ní ibo? Mo ní Ìgàngán. Mo sọ òótọ́ fún un kí n tó gun ọ̀kadà. Ó ní, "Mo mà pe ẹni ẹlẹ́ni ní mẹkáníìkì burúkú." Ó sì lọ pe ọlọ́kadà wá.

Mo bá Bàbá Sìkírá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sá èlùbọ́. Ojú ẹ̀ ti ń ṣú, àmọ́ ó dá ohùn mi mọ̀. Ó ní, "Dẹ̀rẹ́bà." Ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n fún mi lómi. Ìyẹn ló fẹ́ pa mí. Mi ò mu omi náà. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, láti orí tíúbù dé orí adágún.

Ó fọwọ́ nu èlùbọ́ sára aṣọ. Ó ní, "Ṣé mo dè é?"

Mo ní, "O dè é."

"Ó le?"

"Ó le dáadáa. Èmi ni mo tú u."

Ó gbé èlùbọ́ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ké pe ìyàwó ẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, ó ní, "Ìyá Sìkírá, wá. Wá gbọ́. Dẹ̀rẹ́bà, tún un sọ."

Mo tún un sọ. Obìnrin yẹn dúró tì mí, kò jókòó. Ó ní, "Bàbá Adéọlá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ mi ò kọ́ ọmọ kankan níṣẹ́ ẹ̀? Ọmọ wa ọkùnrin sunkún pé òun fẹ́ kọ́ ọ. Ó ní ọwọ́ òun ò dáa, pé òun ò ní fi ọwọ́ burúkú ran ọmọ. Tí ó bá so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ó máa ń padà lọ fa okùn ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ogójì ọdún ni mo fi ń wò ó."

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn méjèèjì nínú eruku èlùbọ́. Mo ní kó darí jì mí. Mo ní ẹ́ńjìnì tuntun wà nílẹ̀, pé mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sínú ọkọ̀ yẹn bí kò ṣe òun.

Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Dẹ̀rẹ́bà, o ò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Gáréèjì lo ti sọ ọ́."

Mo ní, "Àwọn tó gbọ́ ọ ti kú tán."

Ó ní, "Wọ́n bímọ." Ó tún mú èlùbọ́ ẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ. "Sìkírá ọmọ mi ń ta èlùbọ́ lọ́jà Ìgàngán. Kékeré ló wà nígbà tí àwọn ọmọ gáréèjì yín ń pè é ní ọmọ ba-ọkọ̀-jẹ́. Má ṣe lọ bá a o. Ọjọ́ tó bá délé tó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì pé bàbá òun de rọ́bà náà, màá wá gbé ẹ́ńjìnì rẹ sí i."

Ẹ́ńjìnì náà rèé lórí pákó, ẹ̀yin náà ń wò ó. Ilé rẹ̀ ti mọ́, ọ̀dà ẹ̀ máa gbẹ tó bá di ọ̀la. Ọjọ́ ọjà Ìgàngán ni ọ̀tunla. Ẹ bá mi lọ síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, èmi fúnra mi ò ní tẹ̀ lé yín. Ẹ béèrè Sìkírá, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n lọ́jà. Ẹ ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé bàbá ẹ̀ de rọ́bà náà, pé ó le, pé èmi ni mo tú u.